Àwọ̀tẹ́lẹ̀ Tí Àtàndá Rán fún Kúlúsúmù

Ọmọbìnrin tó bá ru ẹrù wúwo sórí kò ní ọwọ́ mìíràn tí yóò fi di aṣọ àyà rẹ̀ mú. Ọ̀rọ̀ kékeré ni lójú ọkùnrin, ṣùgbọ́n òun ló wá ọkọ fún Kúlúsúmù ọmọ Ọláníyan ní ìlú Ẹdẹ, òun náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọkọ ọ̀hún mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nígbà náà, kò tíì ju ọdún mẹ́ta lọ tí rélùwéè dé Ẹdẹ. Àwọn òyìnbó ń ra ẹ̀kùrọ́ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fi dí òkun, gbogbo ọmọbìnrin tí ọrùn rẹ̀ bá sì le ló ń ru ẹ̀kùrọ́ láti ìlú Ara wá sí ibùdókọ̀. Kúlúsúmù wà lára wọn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ó ga, ó dúdú, ó sì ní ojú tí kì í lè fi ohun tó wà nínú rẹ̀ pamọ́. Òun àti Mojísọ́lá ni wọ́n jọ máa ń rìn. Ọmọ ilé àwọn onígbàgbọ́ ni Mojísọ́lá, ó ti lọ́kọ, ó ti bímọ kan, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Wọn a gba ọ̀nà Ara lọ ní ìdájí, wọn a sì wọ Ẹdẹ padà ní ìyálẹ̀ta pẹ̀lú agbọ̀n ẹ̀kùrọ́ lórí.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Bí Kúlúsúmù bá ró ìró mọ́ àyà nìkan, ìró á máa tú díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà. Á di dandan kí ó dúró, kí ó wá ẹni tí yóò sọ̀ ọ́, kí ó tún ìró ró, kí ó sì tún wá ẹni tí yóò gbé ẹrù rù ú. Bí ó bá sì wọ bùbá kíjìpá rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì tó gbé sókè á máa fa bùbá náà lábẹ́ abíyá títí yóò fi bù ú jẹ. Kíjìpá kò mọ̀ pé ara ènìyàn kì í ṣe igi. Gbogbo àwọn tó ń ru ẹ̀kùrọ́ ló ní àpá níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́ síta, nítorí kì í ṣe ibi tí ọmọlúàbí obìnrin ń dárúkọ láàárín ọjà.

Iwájú ìsọ̀ Àtàndá télọ̀ ni bùbá Kúlúsúmù ti ya ní ọjọ́ kan. Ó gbọ́ “ṣáàrà!” lábẹ́ abíyá ọ̀tún, kí ó tó mọ̀, aṣọ ti là títí dé ìbàdí. Mojísọ́lá ti lọ jìnnà níwájú. Bí Kúlúsúmù bá sọ ọwọ́ kalẹ̀, ẹ̀kùrọ́ á dànù. Bí kò bá sọ ọ́ kalẹ̀, ìhòòhò ni. Ó dúró sójú kan bí òpó, omi ń dà lójú rẹ̀.

Àtàndá ń rán dàńdógó bàbá kan lọ́wọ́, bàbá méjì sì jókòó tì í. Ó gbójú sókè, ó rí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì tún gbójú sílẹ̀ kíá. Kò pariwo, kò rẹ́rìn-ín. Aṣọ funfun kan wà lórí ìjókòó rẹ̀. Ó mú un, dàńdógó ṣì wà léjìká rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí ọmọbìnrin náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ wá bá a bí ẹni tó ń kúrò níwájú ọba. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fi aṣọ náà bo èjìká rẹ̀.

“Ṣé ó ti bò ọ́?” ó bèèrè láì yíjú padà.

“Ó ku apá ọ̀tún.”

“Ibí ńkọ́?”

“Òkè díẹ̀ sí i. Ẹ ṣọ́ra o, ẹsẹ̀ yín fẹ́ wọ kòtò.”

Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ kòtò. Ó ṣubú gbà, dàńdógó àti abẹ́rẹ́ àti gbogbo rẹ̀. Kúlúsúmù tó ń sunkún bú sẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ẹ̀kùrọ́ sì ń mì tìtì lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó fọ aṣọ náà, ó ká a dáadáa, ó gbé e padà fún un.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Aṣọ yín rèé.”

“O ṣeun. Àwọn bàbá méjì tó jókòó níbí lánàá kò rí nǹkan kan o. Mo ní kí wọ́n wojú ilẹ̀, wọ́n sì wò ó.” Ó ń fi ọwọ́ ra etí aṣọ náà. “Ibo gan-an ló ti kọ́kọ́ ń fà ọ́ kí ó tó ya?”

Ojú ti Kúlúsúmù. “Ẹ̀gbọ́n, irú ìbéèrè wo nìyẹn?”

“Ìbéèrè télọ̀ ni. Bí ẹnìkan bá gbé gàárì wá fún mi láti tún rán, n ó bi í léèrè ibi tó ti ń ha ẹṣin lára.”

“Ṣé mo wá dẹṣin ni?”

“Má bínú,” ni Àtàndá wí, “ẹnu mi kò gbọ́n tó ọwọ́ mi.”

Kúlúsúmù ti yíjú láti máa lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan dá a dúró: láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò sí ẹni tó tíì bi í ní ìbéèrè yẹn rí, kò sí ìyá, kò sí ọ̀rẹ́. Ó bá dúró sí ẹnu ìsọ̀, ó wo ojú ọ̀nà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ó sọ ti ìró tó ń tú, ó sọ ti abíyá, ó sọ bí òógùn ṣe ń wọ ojú egbò. Àtàndá kò dá a lẹ́nu. Abẹ́rẹ́ wà láàárín ètè rẹ̀, ó ń mi orí.

“Gbogbo aṣọ tí a ń rán, ọkùnrin tó jókòó la ń rán an fún,” ó sọ níkẹyìn. “Ẹni tó wọ agbádá, kí ló ń rù? Jẹ́ kí n rán àwọ̀tẹ́lẹ̀ kan fún ọ, tí kò ní apá, tí yóò di àyà mú lábẹ́ ìró láì fún ọ pa. Ṣùgbọ́n èmi kò lè wọ̀n ọ́. Bàbá rẹ á fi àdá wá mi wá.”

Ó gé okùn òwú gígùn kan fún un. Ó ní kí ó lọ ti ilẹ̀kùn mọ́rí, kí ó fi okùn náà yí ara rẹ̀ ká níbi mẹ́ta, kí ó ta kókó kan fún ibi kọ̀ọ̀kan, kí ó dì í sínú aṣọ, kí ó sì fi rán Mojísọ́lá sí òun. Báyìí ni Mojísọ́lá ṣe di alárinà láì gba obì alárinà.

Àwọ̀tẹ́lẹ̀ àkọ́kọ́ kò dára. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ó burú. Mojísọ́lá gbé e padà lọ sí ìsọ̀.

“Ó ní ó há.”

“Níbo?” ni Àtàndá bèèrè.

“Níbi gbogbo. Ó ní ojú ìrán ń rin òun lára bí kòkòrò. Ó ní tí òun bá gbé ọwọ́ sókè báyìí, aṣọ náà á tẹ̀ lé ọwọ́ òun lọ sókè, àyà òun á sì kù nílẹ̀.”

“Ó sọ gbogbo ìyẹn?”

“Ó sọ ọ́. Ó tún ní kí n kí ọ. Ìyẹn ló sọ lẹ́ẹ̀mejì.”

Ọjọ́ mẹ́ta ni Àtàndá fi tú aṣọ yẹn, tó ń tún un tò, tí kò rí ibi tí àṣìṣe wà. Kúlúsúmù ló rí i. Ó ń gbálẹ̀ ilé ìyá rẹ̀ ni, ó sì na ọwọ́ sókè láti gbọn okùn aláǹtakùn, ó dúró pa. Nígbà tó ń wọn ara rẹ̀, ó sọ ọwọ́ méjèèjì kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni, bí ẹni tó ń kírun. Ta ló ń rìn bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà Ara?

Ó wá okùn mìíràn, ó ti ilẹ̀kùn. Ó gbé agbọ̀n òfìfo ka orí, ó fi ọwọ́ òsì dì í mú, ó fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan yí okùn mọ́ ara, ó sì fi eyín fa kókó kọ̀ọ̀kan le. Ó wọn abẹ́ ọmú, ó wọn òkè rẹ̀, ó wọn láti abíyá dé ìbàdí bí ó ti gùn tó nígbà tí ọwọ́ bá wà lókè. Nígbà tó dì í sínú aṣọ, tó fi rán Mojísọ́lá, ara rẹ̀ gbóná bí ẹni tó ní ibà. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Kì í ṣe aṣọ nìkan ni ó ń rò mọ́.

Ọjọ́ kẹwàá, àwọ̀tẹ́lẹ̀ kejì dé. Àtàndá ti fi aṣọ kékeré onígun mẹ́rin sí abẹ́ abíyá méjèèjì kí ọwọ́ lè rí àyè gòkè. Ó yí ojú ìrán síta, kí ó lè jẹ́ pé ibi tó dán ni yóò kan ara. Aṣọ náà rọ̀ bí ewé ẹ̀fọ́ tó ti rọ lóòrùn. Okùn oníkókó náà wà nínú rẹ̀, ó dá a padà.

“Ó ní ohun tí òun ká sínú rẹ̀, tìrẹ ni,” Mojísọ́lá jíṣẹ́, “ó ní kò yẹ kó wà ní ìsọ̀ tí ẹlòmíràn ti lè rí i. Kúlúsúmù, ọkùnrin yìí kò gbádùn. Ṣé o mọ ohun tó gé rán an? Agbádá Jímọ̀ọ̀ rẹ̀. Ó ní ọdún méje ni òun ti ń fọ̀ ọ́, kò sí aṣọ titun tó lè rọ̀ tó o.”

Kúlúsúmù wọ ọ́ lọ sí Ara lọ́jọ́ kejì. Ó ru ẹ̀kùrọ́ láti Ara dé Ẹdẹ, kò dúró lẹ́ẹ̀kan. Kò sẹ́ni tó sọ̀ ọ́, kò tún ìró ró, kò sí ohun tó ha á. Lágbedeméjì ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀kùrọ́ ti yí i lórí. Ó kọjá ibùdókọ̀ lọ tààrà sí ìsọ̀ Àtàndá pẹ̀lú ẹrù lórí.

“Mi ò dúró!” ó kígbe láti òkèèrè. “Ẹ̀gbọ́n, mi ò dúró níbì kankan!”

Àtàndá dìde. Ó sọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, ó gbé agbọ̀n náà kalẹ̀, ó sì gbàgbé láti yọ ọwọ́ kúrò lára agbọ̀n.

“Kí ni oríkì rẹ?”

“Àbẹ̀kẹ́ ni.”

“Àbẹ̀kẹ́, mo fẹ́ kí àwọn ènìyàn mi wá rí bàbá rẹ.”

Kúlúsúmù ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn láti ọjọ́ kòtò. Ó ní, “Ẹ fún mi ní ọjọ́ méje kí n fi sọ fún ìyá mi ná.” Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti dáhùn kí ẹnu tó sọ̀rọ̀.

Kò rí ọjọ́ méje náà lò. Ní ọjọ́ kẹrin, Sàrátù ìyá rẹ̀ ká ẹní tí Kúlúsúmù ń sùn lé kí ó lè sá a sóòrùn, ó sì bá ohun kan lábẹ́ rẹ̀. Aṣọ ni, wọ́n rán an lódì, ojú ìrán rẹ̀ wà níta bí aṣọ tí a kò fẹ́ kí alààyè wọ̀. Ó gbé e sí imú: aṣọ ara ọkùnrin ni, ó mọ agbádá tó ti gbó. Okùn kan sì wà nínú rẹ̀, ó gùn, wọ́n ta á ní kókó kókó kókó, àwọn kókó náà le bí òkúta.

Igbe tí Sàrátù ké, ará ilé kẹta gbọ́ ọ. “Ọláníyan o! Ẹ gbà mí! Wọ́n ti fi èèdì di ọmọ mi!”

Èmi kò bá Sàrátù wí. Bí ẹ bá rí aṣọ òdì, ẹ rí okùn oníkókó, ẹ rí aṣọ tí ọkùnrin ti wọ̀, tí gbogbo rẹ̀ sì wà lábẹ́ ẹní ọmọ yín tó ń kọrin láìnídìí láti ọjọ́ mélòó kan, kí ni ẹ̀yin ì bá pè é? Èèdì ni. Ọláníyan, àgbẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wo okùn náà, ó sì pe Kúlúsúmù.

“Ta ló fún ọ ní nǹkan yìí?”

“Àtàndá télọ̀ ni, bàbá mi.”

“Ṣé ó ti fọwọ́ kàn ọ́?”

“Rárá. Mo fi Ọlọ́run búra.”

“Kò dìgbà tó bá fọwọ́ kàn án,” ni Sàrátù wí, ó ń sunkún. “Ohun tó rán sí i ti tó.”

Kúlúsúmù la ẹnu. Gbólóhùn kan péré ni: èmi ni mo ta kókó náà. Ṣùgbọ́n ó rí ojú bàbá rẹ̀, ó rí àwọn àgbà ilé tí wọ́n ti ń yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ro bí gbólóhùn yẹn yóò ṣe dún. Ọmọ Ọláníyan ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó fi okùn wọn ọmú rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí ọkùnrin tí kò tíì mọ ilé bàbá rẹ̀. Ta ló tún máa kí ìyá rẹ̀ lọ́nà omi? Dípò rẹ̀, ohun tó sọ ni pé, “Mo fẹ́ràn rẹ̀, bàbá mi. Kò sí oògùn níbẹ̀.”

“Ẹ gbọ́ ọ!” ni Sàrátù wí. “Ẹ gbọ́ bí èèdì ṣe ń fọhùn lẹ́nu rẹ̀!”

Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ọ̀rọ̀ rere tó bá sọ nípa Àtàndá di ẹ̀rí mọ́ Àtàndá lọ́rùn. Wọ́n gba agbọ̀n ẹ̀kùrọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n mú un lọ sí ìlú Awo lọ́dọ̀ Sàdíátù, àbúrò ìyá rẹ̀, kí ojú rẹ̀ lè là.

Oṣù mẹ́ta ló lò ní Awo. Sàdíátù ṣe é dáadáa, kò fi ebi pa á, kò sì pariwo mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń wo ojú rẹ̀ bóyá èèdì ti ń tú, ọ̀rọ̀ tó sì ń jẹ Kúlúsúmù lọ́kàn kì í ṣe èèdì. Àárò Àtàndá ń sọ ọ́. Ó ń rántí bí ó ṣe ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ wá bá a, inú rẹ̀ á dùn, lẹ́yìn náà ìtìjú á bò ó, nítorí ó mọ̀ pé òun ló ń jẹ́ kí Àtàndá ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀.

Mojísọ́lá wá kí i lóṣù kejì, ó pọn ọmọ sẹ́yìn.

“Ìsọ̀ rẹ̀ ti dá,” ó sọ. “Kò sẹ́ni tó ń gbé aṣọ lọ bá a mọ́. Wọ́n ní nǹkan wà nínú abẹ́rẹ́ rẹ̀. Bàbá onídàńdógó pàápàá gba dàńdógó rẹ̀ láì tíì parí, apá kan ló ní.”

“Kí ni òun fúnra rẹ̀ wí?”

“Kò wí nǹkan kan. Wọ́n ní, ‘Ṣé ìwọ lo rán aṣọ yìí?’ Ó ní, ‘Èmi ni.’ Wọ́n ní, ‘Okùn yìí ńkọ́?’ Ó dákẹ́. Kúlúsúmù, mi ò fẹ́ gbà á gbọ́ o, ṣùgbọ́n okùn tí mo gbé kò ju okùn lọ, àbí ó ti fi nǹkan mìíràn sí i lẹ́yìn mi? Bí kò bá ṣe é, kí ló dé tí kò jà?”

Kúlúsúmù kò lè wo ojú rẹ̀. Mojísọ́lá gbé okùn náà lọ gbé e bọ̀, ṣùgbọ́n inú aṣọ ló wà, kò mọ ẹni tó ta kókó rẹ̀. Ènìyàn méjì péré ló mọ̀ ní gbogbo ayé, àwọn méjèèjì sì dákẹ́. Ọ̀kan dákẹ́ nítorí ẹ̀rù, èkejì dákẹ́ nítorí ìfẹ́, Kúlúsúmù sì mọ èwo ni tirẹ̀.

Lálẹ́, nínú ọkàn rẹ̀ ni ó ti ń bá ara rẹ̀ jà. Bí mo bá sọ̀rọ̀, bàbá mi á yára fi mí fún ẹnikẹ́ni tó bá gbà mí. Àtàndá gan-an ńkọ́? Ọkùnrin wo ló fẹ́ fẹ́ obìnrin tí gbogbo agbo ilé ti gbọ́ ìwọ̀n àyà rẹ̀? Bí mi ò bá sì sọ̀rọ̀, ó parí fún un.

Lóṣù kẹta, Sàrátù wá mú un lọ sílé. Oníṣòwò kan láti Ìwó ti ránṣẹ́ ìfẹ́, àwọn ènìyàn rẹ̀ ń bọ̀ ní ọ̀túnla. Ọláníyan kò sì fẹ́ fi ọmọ tí wọ́n dì fún ọmọ ẹni ẹlẹ́ni. Ẹni tó di ènìyàn ló ń tú u. Nítorí náà ó ránṣẹ́ pe Àtàndá.

Ìyálẹ̀ta ni. Àwọn àgbà ilé márùn-ún jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ Ọláníyan. Sàrátù gbé igbá kan kalẹ̀, okùn náà wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ọwọ́ òun kàn án. Àtàndá wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì kúnlẹ̀. Kúlúsúmù tó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn rí i pé ó ti rù, egungun ọrùn rẹ̀ yọ lókè ẹ̀wù.

“Mi ò pè ọ́ láti bá ọ jà,” ni Ọláníyan wí. “Ohun tí o dì, tú u lójú wa. Bí o bá ti tú u tán, kí olúkúlùkù máa lọ ní àlàáfíà.”

“Mo gbọ́, bàbá.”

Ó mú okùn náà. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó ń wo ohun tó jẹ́ tirẹ̀ fún ìgbà ìkẹyìn. Lẹ́yìn náà ó fi èékánná sí kókó àkọ́kọ́. Kókó náà le, nítorí eyín ni wọ́n fi fà á, òógùn sì bo iwájú orí rẹ̀ kí ó tó tú. Àwọn àgbà mí kanlẹ̀. “Ọ̀kan ti tú,” ni ẹnìkan wí.

Ó mú kókó kejì. Ara Kúlúsúmù kò gbà á mọ́. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó jáde sáàárín wọn, kò tilẹ̀ rántí kúnlẹ̀.

“Ẹ dá a dúró! Òun kọ́ ló ta á!”

“Àbẹ̀kẹ́, padà sínú ilé,” ni Sàrátù wí.

“Èmi ni mo ta á, ìyá mi. Inú yàrá yín ni mo wà. Mo ti ilẹ̀kùn, mo gbé agbọ̀n ka orí, mo fi okùn yí àyà mi ká, mo sì fi eyín fa kókó rẹ̀ nítorí ọwọ́ kan ló kù fún mi. Ìwọ̀n ara mi ni. Ó fẹ́ rán àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí kò ní ha mí fún mi, kò sì fẹ́ fọwọ́ kàn mí. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó di ọmọ yín, ọmọ yín ló di ara rẹ̀.”

Ọ̀kan lára àwọn àgbà fi ọwọ́ bo ojú, ó ní, “Ó ti tán fún wa.” Ọláníyan kò wo ọmọ rẹ̀. Ojú Àtàndá ló ń wò.

“Ṣé òótọ́ ló sọ?”

Àtàndá kò gbójú sókè. “Bàbá, okùn ti wà lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tú èyí tó kù.”

“Mo ní, ṣé òótọ́ ló sọ?”

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ti ń pè ọ́ ní olóògùn,” ni Ọláníyan wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. “Ìsọ̀ rẹ dá. Kí ló dé tí o kò sọ ọ́?”

“Bí mo bá sọ ọ́, orúkọ rẹ̀ ni ì bá ya. Tèmi, télọ̀ ni mí, bàbá. Mo lè tún un rán.”

Kúlúsúmù kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀, ó ń sunkún láìbo ojú. Kò bìkítà fún ẹni tó ń wò ó mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ lé e jáde, kí wọ́n lé àwọn méjèèjì.

Sàrátù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò pariwo, ìyẹn sì ya gbogbo ilé lẹ́nu.

“Bàbá Kúlúsúmù, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ru iṣu yín láti oko wá sílé. Àpá tó wà lábẹ́ abíyá mi, ẹ ti rí i.”

“Mo ti rí i,” ni Ọláníyan wí.

“Ẹ ò bi mí léèrè rí pé kí ló ṣe é.”

Ọláníyan ń wo okùn tó wà lọ́wọ́ Àtàndá.

“Mi ò bá yín wí. Èmi náà ò bi ọmọ mi léèrè. Mo rò pé bí obìnrin ṣe ń rù ú nìyẹn, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i.” Ó fi etí ìró nu ojú. “Ọkùnrin yìí bi í.”

Àwọn àgbà ń wo ilẹ̀. Ọláníyan ń wo apá ìyàwó rẹ̀ bí ẹni pé òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wọlé. Nígbà tó ṣe, ó na ọwọ́ sí Àtàndá, ó gbé e dìde.

“Ará Ìwó ń bọ̀ ní ọ̀túnla,” ó sọ, “n ó sì dá a lóhùn bí ọmọlúàbí. Ọjọ́ wo ni àwọn ènìyàn tìrẹ lè wá?”

Àtàndá ṣì ń fi ìka ka ọjọ́.

“Ọ̀la ni, bàbá mi,” ni Kúlúsúmù wí.